Bísínẹ́ẹ̀sì Ni Àbí Liberal Arts? Ohun Tí Ìrírí Fi Yé Mi Nípa Orúkọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé: "Ṣé kí ọmọ yìí lọ ka bísínẹ́ẹ̀sì ni, àbí kí n jẹ́ kó ka ìtàn tó ní òun fẹ́ràn?" Kì í pẹ́ tí wọ́n á fi béèrè èkejì: "Ilé-ìwé wo ló lórúkọ jù nínú àwọn tó gbà á?" Wọ́n rò pé ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì. Ọ̀kan náà ni. Bí orúkọ ilé-ìwé bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọmọ kà níbẹ̀ ṣe ń fúyẹ́ tó lójú ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Bí orúkọ náà bá sì kéré, àfi kí àwọn kọ́ọ̀sì inú transcript rẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ máàkì rẹ̀ sí, máa fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀.

Torí náà, nínú gbogbo ọ̀nà téèyàn lè gbà so orúkọ pọ̀ mọ́ dìgírì, ẹyọ kan ló máa ń bà mí lẹ́rù: dìgírì bísínẹ́ẹ̀sì gbogboogbò, láti kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí owó rẹ̀ sì ga. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń wọ́ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà "bísínẹ́ẹ̀sì" ń dún bí iṣẹ́ létí wọn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ kejì inú àkọlé òkè yẹn wò ná. Liberal arts kì í ṣe iṣẹ́ ọnà, kì í sì í ṣe ọ̀tá sáyẹ́ǹsì. Ní Yúróòpù àtijọ́, ẹ̀kọ́ méje ni wọ́n kó sábẹ́ orúkọ náà: gírámà, lọ́jíìkì, ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣirò, jẹ́ọ́mẹ́tìrì, orin àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Mẹ́rin nínú méje ló jẹ́ ti òǹkà, torí wọ́n ka orin pàápàá mọ́ ìṣirò. Lónìí, físíìsì wà níbẹ̀, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé wà níbẹ̀, fílọ́sọ́fì náà wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó dojú kọ iṣẹ́ kan pàtó, bí akáńtì tàbí títa ọjà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi Williams, Amherst, Swarthmore àti Pomona kì í fúnni ní dìgírì bísínẹ́ẹ̀sì. Harvard, Yale àti Princeton náà ò ní ilé-ẹ̀kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì fún ọmọ tó ń wá dìgírì àkọ́kọ́. Nínú àwọn mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ivy League, yunifásítì Pennsylvania tó ni ilé-ẹ̀kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì Wharton, àti Cornell, nìkan ló ní i. Wharton yìí ló ṣáájú gbogbo wọn. 1881 ni wọ́n dá a sílẹ̀, pẹ̀lú 100,000 dọ́là tí Joseph Wharton fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Síbẹ̀, báńkì ńláńlá àti àwọn iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn bíi McKinsey ń kó ọmọ láti Williams àti Princeton lọ́dọọdún. Ọmọ tó ka ìtàn wà lára wọn, ọmọ tó ka ìṣirò wà lára wọn. Ìdí ẹ̀ ò le. Iléeṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ máa kọ́ wọn níṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Asẹ́ tí ilé-ìwé fi jọ àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń rà. Ohun tí ọmọ kà lẹ́yìn tó ti bọ́ sínú asẹ́ ò jọ wọ́n lójú.

Ṣé orúkọ wá ń gbé owó oṣù èèyàn ga ni? Stacy Dale àti Alan Krueger tẹ ìwádìí kan jáde ní 2002. Wọ́n wá àwọn ọmọ tí ilé-ìwé olórúkọ gbà àmọ́ tí wọ́n lọ síbi tí kò le tó bẹ́ẹ̀ láti wọ̀, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó lọ síbi olórúkọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́, owó tó ń wọlé fún ọ̀wọ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ọmọ ìdílé tí kò lówó ni orúkọ náà ràn lọ́wọ́ gidi. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ tí òbí rẹ̀ ò kàwé púpọ̀ náà jẹ àǹfààní.

Ní 2023, Raj Chetty, David Deming àti John Friedman wò ó láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ilé-ìwé 12 ni wọ́n mú: Ivy mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, Stanford, MIT, Duke àti Chicago. Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà ìdúró, tí wọ́n gba àwọn kan nínú wọn tí wọn ò gba àwọn yòókù, ni wọ́n fi ṣe ìfiwéra. Lọ́tẹ̀ yìí náà, ìpíndọ́gba owó tó ń wọlé ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àmọ́ àǹfààní láti wà lára ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó lówó jù fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ sí i, àǹfààní láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga olórúkọ lẹ́yìn dìgírì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ti iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ olókìkí sì di ìlọ́po mẹ́ta.

Bí mo ṣe lóye méjèèjì pọ̀ nìyí: orúkọ ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré kan, yàrá náà sì dára púpọ̀. Ẹni tí kò ní í wọ yàrá yẹn láyé ń sanwó ilẹ̀kùn lásán ni.

Nípa ìtò ipò ilé-ìwé tí ìwé ìròyìn U.S. News ń gbé jáde látọdún 1983, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ìdá 20 nínú 100 máàkì àwọn yunifásítì ńlá ló ń wá láti inú èrò tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ní nípa ilé-ìwé ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Ní 2022, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan ní Columbia, Michael Thaddeus, yẹ nọ́ńbà tí ilé-ìwé rẹ̀ fi ránṣẹ́ wò, ó ní kò péye. Kí ọdún tó parí, Columbia já láti ipò 2 sí 18. Àwọn olùkọ́ ò yí padà, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú yàrá kékeré náà wò, torí ibẹ̀ ni ọmọ liberal arts ti máa ń pàdánù láì mọ̀. Báńkì tó ń bá iléeṣẹ́ ńlá wá owó máa ń gba ọmọ fún ìkọ́ṣẹ́ ìgbà ẹ̀rùn tó tẹ̀lé ọdún kẹta. Àwọn tó ṣe dáadáa nínú ìkọ́ṣẹ́ náà ni wọ́n máa gbà síṣẹ́. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n ń yan àwọn akọ́ṣẹ́ náà ti bọ́ sínú ọdún kejì, ó lé ní ọdún kan kí ìgbà ẹ̀rùn náà tó dé. Ọmọ tó ń ka ìtàn, tó ní òun á ronú nípa iṣẹ́ tó bá di ọdún kẹrin, ti jí lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un nínú kíláàsì ìtàn.

Ètò tí mo máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rèé. Sẹ̀mẹ́sítà kejì ọdún kìíní: kọ́ọ̀sì akáńtì àkọ́kọ́. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ò bá ní in, kó wo ilé-ìwé tó bá tiwọn ṣe àdéhùn. Ọmọ Amherst, Smith tàbí Mount Holyoke lè gba kọ́ọ̀sì ní UMass Amherst, torí ilé-ìwé márùn-ún ló wà nínú àdéhùn kan náà lágbègbè yẹn. Swarthmore náà ní irú ẹ̀ pẹ̀lú Pennsylvania. Ìgbà ẹ̀rùn àkọ́kọ́: kó mọ Excel débi tí kò fi ní í fọwọ́ kan máòsì. Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ọdún kejì: sitatísítíìkì, pẹ̀lú kọ́ọ̀sì kan lórí bí iléeṣẹ́ ṣe ń wá owó. Lákòókò kan náà, kó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn tó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tí wọ́n wà nínú iṣẹ́ yẹn, kó ní òun fẹ́ ìṣẹ́jú 15 láti fi béèrè ọ̀rọ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, wọ́n máa ń dáhùn gan-an. Àǹfààní tí wọ́n fi orúkọ rà nìyẹn. Ẹni tí kò bá kọ lẹ́tà náà ti da owó rẹ̀ sómi.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní intafíù. "Bí depreciation bá fi 10 dọ́là pọ̀ sí i, kí ló máa ṣẹlẹ̀ nínú ìwé ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Depreciation ni owó tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún nítorí pé ẹ̀rọ ń gbó, bẹ́ẹ̀ wọn ò san owó kankan jáde. Ká ní owó orí jẹ́ ìdá 20 nínú 100. Nínú ìwé èrè, èrè kí wọ́n tó yọ owó orí dín ní 10. Owó orí dín ní 2. Èrè tó kù dín ní 8. Nínú ìwé owó tó ń wọlé tó ń jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èrè tó dín ní 8 yẹn, kí ẹ dá 10 padà torí kò sówó tó jáde: owó ọwọ́ fi 2 pọ̀ sí i. Nínú ìwé ohun ìní àti gbèsè, ẹ̀rọ dín ní 10, owó ọwọ́ fi 2 lé, ẹ̀gbẹ́ ohun ìní dín ní 8; lódìkejì, èrè tí wọ́n kó pa mọ́ dín ní 8. Ó bára mu. Ọmọ tó mọ fílọ́sọ́fì dunjú á lóye èyí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ kò lè dọ́gbọ́n sí i tó bá jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ohun tó ń já wọn nìyí, kì í ṣe pé wọ́n ka fílọ́sọ́fì.

Àwọn iṣẹ́ wà tí orúkọ ò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀, ó sì yẹ kí èyí máa fi àwọn òbí lọ́kàn balẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe lọ. Akáńtì ni olórí wọn. Ìwé-ẹ̀rí CPA ló ń gbé èèyàn ga nídìí iṣẹ́ náà, ìpínlẹ̀ ló ń fúnni, ìdánwò kan náà sì ni gbogbo wọn ń ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kírẹ́díìtì 150 ni wọ́n ń béèrè, bẹ́ẹ̀ dìgírì àkọ́kọ́ jẹ́ 120. Nítorí 30 tó kù yẹn, àwọn kan fi 60,000 dọ́là ra másítà, nígbà tí àwọn mìíràn gba kọ́ọ̀sì lẹ́sẹẹsẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tàbí kí wọ́n fi kírẹ́díìtì AP, kọ́ọ̀sì ìpele kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ṣe ní sẹ́kọ́ńdírì, dí i. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, Ohio wà lára wọn, ti ṣòfin ọ̀nà mìíràn báyìí: dìgírì kan, ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú ìdánwò. Ẹ wo ìwé òfin ìpínlẹ̀ tí ọmọ fẹ́ ṣiṣẹ́ kí ẹ tó san owó másítà. Àwọn iléeṣẹ́ akáńtì ńlá, Deloitte, PwC, EY àti KPMG, ń gba ọmọ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ káàkiri, owó ìbẹ̀rẹ̀ ọmọ méjì tó jókòó ní ọ́fíìsì kan náà kì í sì í tẹ̀lé orúkọ ilé-ìwé. Bákan náà ni ti actuary, ẹni tó ń fi ìṣirò díwọ̀n ewu fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò, níbi tí ìdánwò P àti FM ti ń sọ̀rọ̀ ju ilé-ìwé lọ. Ti nọ́ọ̀sì, tó ní ìdánwò NCLEX. Àti ti ẹnjiníà, níbi tí ìfọwọ́sí ABET ti tó. Fún àwọn wọ̀nyí, ilé-ìwé ìpínlẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré ni mo máa ń tọ́ka sí, mi ò sì ní ṣàlàyé púpọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yíyẹ̀wò pọ̀ sí fún òbí ni inú bísínẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀. Nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 gbogbo dìgírì àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fúnni ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ ti bísínẹ́ẹ̀sì. Kò sí ẹ̀ka tó pọ̀ tó o. Ohun tó bá pọ̀ tó báyìí kò lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo. Ẹni tó ka finance tàbí akáńtì, àti ẹni tó ka ìṣàkóso gbogboogbò, orúkọ dìgírì ló so wọ́n pọ̀, ọjà wọn ò jọra. Ní 2011, Richard Arum àti Josipa Roksa fi ìdánwò kan wo bí ọmọ ṣe ń tẹ̀ síwájú nínú ìrònú àti kíkọ ọ̀rọ̀ nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì wà lára àwọn tí ìtẹ̀síwájú wọn kéré jù. Àwọn tó ka ẹ̀kọ́ liberal arts, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ló ṣe jù wọ́n lọ. Àwọn tí wọ́n fún ní ìwé púpọ̀ kà àti púpọ̀ kọ ló tẹ̀ síwájú jù. Ìyẹn ló ń sọ ibi tó yẹ ká wò.

Bí mo ṣe ń wò ó rèé, kò gbà ju wákàtí kan lọ. Ẹ lọ sórí ìkànnì ilé-ìwé náà, ẹ ṣí ìwé tí wọ́n ń pè ní catalog, ẹ má wo ojú-ewé tí wọ́n fi àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ wá ètò ọdún mẹ́rin. Kírẹ́díìtì 120 túmọ̀ sí nǹkan bí kọ́ọ̀sì 40. Bíi mẹ́wàá sí méjìlá nínú wọn ló máa jẹ́ kọ́ọ̀sì tí gbogbo ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì ń ṣe: akáńtì méjì, ọrọ̀ ajé méjì, sitatísítíìkì, finance, títa ọjà, ìṣàkóso, òfin òwò, ètò iṣẹ́, kọ̀ǹpútà, àti èyí tí wọ́n ń fi parí lọ́dún kẹrin. Kò sí bí ẹ ṣe máa rí ìyàtọ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà tó tẹ̀lé e, tó jẹ́ ti ẹ̀ka tí ọmọ yàn.

Ẹ wo kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè pé: kí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀? Akáńtì gidi máa ń ní ẹ̀wọ̀n gígùn: akáńtì àkọ́kọ́, kí ó tó kan intermediate kìíní, kí ó tó kan intermediate kejì, kí ó tó kan àyẹ̀wò ìwé owó. Ìsopọ̀ mẹ́rin nìyẹn. Ẹni tí kò ṣe ìkíní ò lè ráyè jókòó níbi ìkẹrin. Ọ̀nà data náà ní tirẹ̀: sitatísítíìkì, regression, lẹ́yìn náà àsọtẹ́lẹ̀ ọjà. Àmọ́ ẹ máa rí ẹ̀ka kan tí gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ ní "ìṣáájú: kò sí," tàbí "ìṣáájú: kí ó ti wọ ọdún kẹta." Kọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni lè rìn wọ̀ láti ojú pópó kò kọ́lé lórí ohunkóhun. Nígbà tí ọmọ bá jáde, agbaniṣíṣẹ́ á mọ̀ ọ́n lára, bí kò tiẹ̀ ka catalog rí. Mo ti rí ètò bísínẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó gùn jù jẹ́ méjì péré, tí owó rẹ̀ sì ju ti yunifásítì ìpínlẹ̀ ibẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì.

Ìdánwò ẹ̀wọ̀n yìí kan liberal arts náà o. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé tó dára máa gba inú microeconomics ìpele kejì kọjá sí econometrics. Ẹ̀ka ìtàn tó dára máa parí sí àpilẹ̀kọ gígùn tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ wá ìwé rẹ̀ nínú ilé àkójọ. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts bá jẹ́ kí ọmọ fi kọ́ọ̀sì ìpele kìíní 40 gba dìgírì, ọjà kan náà ni.

Ìkẹ́kùn kan tún wà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ ńlá. Lẹ́tà ìgbàwọlé lè sọ pé "pre-business." Ọmọ ò tíì wọlé nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ó máa tún bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ du àyè, pẹ̀lú máàkì nínú calculus, akáńtì àti ọrọ̀ ajé. Haas, ilé-ẹ̀kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì ní Berkeley, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ tààrà láti sẹ́kọ́ńdírì ní 2024. Ẹ béèrè ìbéèrè méjì: máàkì wo ló gbé àwọn tó wọlé lọ́dún tó kọjá wọlé? Àwọn tí kò rí àyè, ẹ̀ka wo ni wọ́n lọ? Bí ìdáhùn sí ìkejì bá jẹ́ ẹ̀ka tí ọmọ yín ò lè fara dà, ẹ ronú. Kí ẹ sì wò ó bóyá owó tí ilé-ìwé náà ń gbà lọ́wọ́ ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì ju ti àwọn yòókù lọ láti ọdún kẹta. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú ojú-ewé owó ilé-ìwé ló máa ń wà, wọn kì í kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Ìfọwọ́sí AACSB ńkọ́? Àjọ kan tó ti wà láti 1916 ni. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì ò bá ní i, mo máa ń fẹ́ mọ ìdí. Bó bá ní i, ìyẹn ò tíì sọ fún mi pé ó dára.

Owó wàyí. Iye tí wọ́n kọ sára ògiri kì í ṣe iye tí èèyàn ń san. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni, ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun ti kọjá ìdajì owó ẹ̀kọ́ lápapọ̀. Òfin sì ti mú un ní dandan láti 2011 pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ ìṣirò iye gidi sórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ lò ó kí ẹ tó sọ pé ilé-ìwé kan ti wọ́n jù. Ohun tó ń daàmú àwọn ènìyàn ni lẹ́tà owó ìrànwọ́. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ: lẹ́tà dé, ó ní àpapọ̀ owó ọdún kan jẹ́ 88,000 dọ́là, "àpapọ̀ ìrànwọ́ rẹ" jẹ́ 69,000, "èyí tó kù" jẹ́ 19,000. Ọmọ á pariwo pé, "Mọ́mì, wọ́n fún mi ní 69,000!" Ẹ rọra. Ẹ tú 69,000 náà palẹ̀: 61,000 ni ẹ̀bùn, 5,500 jẹ́ gbèsè, 2,500 sì jẹ́ owó iṣẹ́ tí ọmọ máa ṣe nínú ọgbà ilé-ìwé, tí wọ́n á máa san díẹ̀díẹ̀ bó bá ṣe ń ṣe é. Gbèsè àti òógùn ọmọ kì í ṣe ìrànwọ́. 88,000 yọ 61,000 ló jẹ́ iye gidi: 27,000. Yunifásítì ìpínlẹ̀ kan tún kọ̀wé: àpapọ̀ owó 31,000, ẹ̀bùn 6,000, iye gidi 25,000. Bí ẹ bá ka lẹ́tà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ti aládàáni ló dà bí èyí tó pọ́ọ́kú, nígbà tó jẹ́ pé òun ló fi 2,000 wọ́n jù lọ́dún. Ó sì ṣeé ṣe kí 2,000 yẹn yẹ ní sísan. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ ń san án.

Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òbí ní ààlà: 5,500 lọ́dún kìíní, 6,500 lọ́dún kejì, 7,500 lọ́dún kẹta àti ìkẹrin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27,000 lọ́dún mẹ́rin. Mo fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn gẹ́gẹ́ bí odi. Ohun tó bá kọjá rẹ̀ máa bọ́ sọ́rùn òbí tàbí sọ́dọ̀ báńkì. Tẹ́lẹ̀, Parent PLUS, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá òbí, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òpin, àmọ́ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yá a láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2026, òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 ti dá a dúró sí 20,000 lọ́dún àti 65,000 lórí ọmọ kan. Ẹni tó gbọ́kàn lé PLUS láti parí ọdún mẹ́rin ní ilé-ìwé olówó iyebíye gbọ́dọ̀ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ọmọ tó ń ti òkèèrè bọ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú nọ́ńbà kan. Lẹ́yìn dìgírì, oṣù 12 ni ìjọba máa fún un láti ṣiṣẹ́; bí ẹ̀ka rẹ̀ bá wà nínú ìwé STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ẹnjiníà àti ìṣirò), wọ́n lè fi oṣù 24 kún un. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀ka ló ń pinnu, kóòdù tí wọ́n ń pè ní CIP ni, ojú-ewé àkọ́kọ́ I-20, ìwé tí ilé-ìwé fi ń bá ọmọ gba físà, ló wà, níbi tí wọ́n kọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sí. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé tó ní kóòdù 45.0601 kò sí lára STEM. Èyí tó ní 45.0603 wà níbẹ̀. Ìwé kan náà ni ọmọ méjèèjì lè máa kà. Ní bísínẹ́ẹ̀sì, 52.1301, tó jẹ́ ti management science, wà nínú STEM, ìṣàkóso gbogboogbò ò sí. Iye oṣù yẹn ló ń pinnu iye ìgbà tí agbaniṣíṣẹ́ lè fi orúkọ ọmọ sínú ìbò físà iṣẹ́, H-1B: ẹ̀ẹ̀kan, tàbí bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ béèrè kóòdù náà lọ́wọ́ ọ́fíìsì àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kí ọmọ tó yan ẹ̀ka.

Fún irú ọmọ yìí náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts tó lówó lè pọ́ọ́kú ju yunifásítì ìpínlẹ̀ lọ, torí owó ìrànwọ́ fún ọmọ òkèèrè kì í sábà pọ̀ ní ti ìpínlẹ̀. Amherst àti Bowdoin kì í wo àpò ẹni kí wọ́n tó gbà á, bó tiẹ̀ jẹ́ ará òkèèrè, wọ́n sì ń dí àlàfo owó tí wọ́n bá rí i pé ìdílé ò lè san. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Dartmouth náà ń ṣe é. Láti wọ ibẹ̀ ni ìjà.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts ló ní owó ní ìpamọ́. Birmingham-Southern ní Alabama, tó ti wà láti 1856, ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2024. Wells College ní New York náà tì lọ́dún kan náà. Ọmọ tó wà láàárín ẹ̀kọ́ ní láti wá ibòmíì lọ, kì í sì í ṣe gbogbo kírẹ́díìtì rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ìwé owó orí tí àwọn ilé-ìwé aládàáni ń kọ fún ìjọba, Form 990, wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ti ọdún márùn-ún. Bí iye ọmọ bá ń dín kù, tí ìnáwó sì ń ju owó tó wọlé lọ lọ́dún mẹ́ta tẹ̀ léra, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n fi ń pe ọmọ yín máa ń jẹ́ igbe ìrànlọ́wọ́ nígbà míì.

Ọmọ tó sọ pé agbẹjọ́rò lòun fẹ́ jẹ́, tàbí dókítà, kò nílò bísínẹ́ẹ̀sì rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin ń gba ẹ̀kọ́ èyíkéyìí. Máàkì àti ìdánwò LSAT ni wọ́n ń wò. Ti ìṣègùn fẹ́ kẹ́mísírì, bàọ́lọ́jì àti físíìsì, ẹ̀kọ́ yòówù kí ọmọ yàn. Ẹni tó sì ń gbèrò MBA, másítà bísínẹ́ẹ̀sì, lọ́jọ́ iwájú máa rí i pé ọdún àkọ́kọ́ MBA jọ kọ́ọ̀sì mẹ́wàá àkọ́kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì gan-an. Kí ló dé tí èèyàn á fi ra aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Ibẹ̀ ni orúkọ ti wúlò jù lójú tèmi, nítorí ní ilé-ẹ̀kọ́ MBA, àwọn iléeṣẹ́ tó ń wá gba èèyàn níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sanwó fún.

Kí ẹ tó san owó ìdúró, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń gbà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ẹ kọ lẹ́tà kan sí ọ́fíìsì tó ń ràn àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti ríṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi àbájáde àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́, ní ẹ̀ka tí ọmọ yín fẹ́ kà, kí wọ́n má fi ti gbogbo ilé-ìwé ránṣẹ́. Wọ́n máa fẹ́ sọ pé ìdá 95 nínú 100 ló ti ríṣẹ́ tàbí tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ béèrè iye tí wọ́n mọ ibi tó wà. Bí ó bá jẹ́ pé 40 péré nínú 100 ni wọ́n gbúròó, 38 ni wọ́n mọ̀ pé ó ríṣẹ́, wọn ò sì mọ ohun tó ṣe 60. NACE, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn, ní kí ilé-ìwé gbìyànjú láti gbúròó ó kéré tán 65. Ẹ tún béèrè orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti iye tó jẹ́ iṣẹ́ tí kò nílò dìgírì. Ọ́fíìsì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti ní i nínú fáìlì, á sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.